Ìkarahun Tí Jàbárù Mú Dán

Nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣèwádìí ohun inú òkun kó kúrò ní Èkó wá sí Àbújá, àwọn ọ̀gá ni wọ́n kọ́kọ́ yarí. Ọ̀kan ní ìyàwó òun kò fẹ́. Èkejì ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ìkòròdú ni. Ẹ̀kẹta ní eruku Àbújá kò bá àyà òun mu, bẹ́ẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ tẹ Àbújá rí láyé rẹ̀. Àwọn ìgbín nìkan ni kò ṣàwáwí. Wọ́n kó wọn sínú àpótí, wọ́n dì wọ́n sẹ́yìn tírélà, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Garki lọ́dún 1983, ṣáájú àwọn ọ̀gá tó yarí. Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ti Garki yìí yàtọ̀. Ìkarahun nìkan ló rìnrìn àjò, ẹran inú wọn ti kú sí ìsàlẹ̀ òkun tipẹ́tipẹ́.

Ẹni tó sọ àwọn àpótí náà kalẹ̀ ló ni ìtàn yìí. Jàbárù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlọrin, nínú agbo ilé tí wọ́n ti ń lọ òkúta pupa di ìlẹ̀kẹ̀ láti ayé baba ńlá wọn. Lántànà ni wọ́n ń pe ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀hún, ọrùn ọba àti ti olówó ni wọ́n sì ń fi í sí. Kí Jàbárù tó mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn ṣòkòtò ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi omi lọ òkúta títí ojú rẹ̀ yóò fi máa kọ yẹ̀rì. Ṣùgbọ́n ayé yí. Ìlẹ̀kẹ̀ oníke kún ọjà, àwọn oníbàárà kò yà sílé wọn mọ́, baba rẹ̀ sì darúgbó sídìí ọlọ tí kò rí nǹkan lọ̀. Ọmọ rẹ̀ wá di ẹni tó mọ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́.

Ló bá tẹ̀ lé àwọn bíríkìlà ará Ọ̀yọ́ kan wá ru búlọ́ọ̀kù ní Àbújá. Àbújá ìgbà náà, kò síbi tí wọn kì í walẹ̀ sí. Ibi tó o gbà kọjá lówùúrọ̀, kòtò ni o óò bá níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Jàbárù rù, ó rù, títí búlọ́ọ̀kù fi jábọ́ lù ú lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe òun ló tò ó wọ́gọwọ̀gọ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni fóòmàn da ẹjọ́ lé, ó ní kó máa lọ sílé. Ó wà nínú yàrá kan ní Kárù létí Àbújá pẹ̀lú Àlímátù ìyàwó rẹ̀, tí Àlímátù ń fi òwò kòsé, àkàrà àwọn Haúsá, gbọ́ bùkátà àwọn méjèèjì, nígbà tí Yàkúbù, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ìgbín náà, wá a wá.

"Kai, Jàbárù, sáré máa bọ̀! Tírélà kan ti dé, wọn ò rẹ́ni já ẹrù ẹ̀."

Ẹsẹ̀ ń dun Jàbárù, síbẹ̀ ó lọ. Ó ń gbé àwọn àpótí náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń fi ọwọ́ kan gbá ìdí wọn mú kí wọ́n tó kanlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbé apẹ̀rẹ̀ òkúta nílé wọn. Obìnrin kúkúrú kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà ń wò ó.

"Ta ló kọ́ yín bí ẹ ṣe ń gbẹ́rù báyìí?" ni obìnrin náà bi í.

"Ilé wa ni, mà. Nílé wa, ẹni tó bá ju òkúta sílẹ̀, oúnjẹ ló jù sílẹ̀ yẹn."

Láti ọjọ́ náà ni Jàbárù ti di òṣìṣẹ́ yàrá ìgbín. Gbígbá ilẹ̀ ni wọ́n gbà á fún.

Dókítà Fẹ̀yìntọlá Babalọlá ni obìnrin náà. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o. Ẹ̀kọ́ ìgbín òkun ló kọ́ tó fi gboyè. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó ogójì ọdún, ohùn rẹ̀ kì í sì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Nínú gbogbo àgbà ilé-iṣẹ́ náà, òun nìkan ló tẹ̀ lé ẹrù wá, nítorí ó ti bá ọkọ̀ lọ sí agbami fúnra rẹ̀. Ó bì lójú omi títí inú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí síta, kí àwọ̀n tó kó àwọn ìgbín náà wá láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí oòrùn kò dé rí. Iṣẹ́ tó kù fún un ni láti júwe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì mọ ìdílé tí oníkálukú ti wá.

Àwọn ènìyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìgbín òkun ní Àbújá! Omi tí a óò mu gan-an, a ṣì ń wá a." Ẹni tó bá yà wọlé, ìbéèrè kan náà ló ń bi í: ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni? Bó bá ti ní rárá, wọn a ní kí wá ni ìwúlò rẹ̀? Dókítà a rẹ́rìn-ín músẹ́, a sì tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Jàbárù náà rò pé ìgbín ni ìgbín. Lọ́jọ́ kan tó ń gbálẹ̀, Dókítà gbé méjì síwájú rẹ̀.

"Bàbá Sàídátù, ẹ wo àwọn méjì yìí. Ṣé ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n?" Sàídátù ni ọmọbìnrin Jàbárù tó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní Ìlọrin.

"Ìbejì ni wọ́n, Dókítà."

"Ẹ tún wò ó. Ẹ wo ẹnu wọn."

Jàbárù gbé wọn lọ sójú fèrèsé. Ẹnu ọ̀kan yípo rébété, ètè rẹ̀ sì nípọn. Ti èkejì ní ihò tóóró kan nísàlẹ̀. Ìlà wẹ́wẹ́ tó wà lára ọ̀kan dúró lóòró, ti èkejì dùbúlẹ̀. Ó wò ó, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ilà ojú ni wọ́n kọ! Èyí kọ àbàjà, èyí kọ pélé."

"Ilà ojú gan-an ni," ni Dókítà wí, inú rẹ̀ sì dùn dẹ́yìn eyín. "Òun la fi ń mọ ilé bàbá wọn."

Bí Jàbárù ṣe bọ́ sídìí tíréè nìyẹn. Òun ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ ẹrẹ̀ òkun kúrò lára wọn, òun ló ń tò wọ́n ní agboolé agboolé kí Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò. Ó ń ṣì wọ́n tò. Ó ń ṣì wọ́n tò dáadáa. Dókítà kì í jágbe mọ́ ọn. Ńṣe ni yóò gbé èyí tó ṣìnà sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, yóò ní, "Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi," yóò sì ṣàlàyé ohun tí ojú Jàbárù fò. Nírọ̀lẹ́, bó bá délé ní Kárù, gbogbo rẹ̀ ni Jàbárù ń rò fún Àlímátù bó ṣe ń fọ ẹ̀wà kòsé. Kò sí fóòmàn kan tó bi í léèrè rí pé kí ló rí. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lójoojúmọ́ fún iṣẹ́ yìí, ó sì ń wá ọ̀nà tí yóò fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Dókítà pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti wọlé.

Ìgbín kan ṣoṣo wà nínú àwọn àpótí náà tí kò jọ ẹnikẹ́ni. Kò ju àtàǹpàkò lọ. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bò ó lára, àwọ̀ ilẹ̀ ni, ó ṣókùnkùn, ó rí hùnrùnhùnrùn. Kí a sọ òótọ́, ó burẹ́wà. Ní ìgbà ọyẹ́ ọdún 1986, Dókítà fẹ́ lọ sí Èkó láti lọ yẹ àwọn ìwé kan wò nípa rẹ̀. Kó tó lọ, ó nawọ́ sí tíréè kan, ó ní, "Bàbá Sàídátù, ẹ bá mi fọ àwọn wọ̀nyí kó mọ́." Ìgbín burúkú yìí wà nínú wọn.

Kò pẹ́ tó lọ ni Láníyì yọjú. Láníyì ló ń bójú tó àwọn yàrá ilé-iṣẹ́ náà.

"Bàbá, ọ̀gá kan ń bọ̀ láti òkè wá ṣe insipẹ́kṣọ̀n yàrá yìí. Tó bá dé tó bá jẹ́ pàǹtí ló rí, a máa kó wọn síta, a máa fi ibẹ̀ kó bébà sí. Mo kàn ń sọ fún yín ni o."

Jàbárù yí ojú sí tíréè. Kí ni ọ̀gá láti òkè yóò rí níbẹ̀ bí kò ṣe ohun dúdú hùnrùnhùnrùn? Yóò kó iṣẹ́ Dókítà dà síta. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ọmọ onílẹ̀kẹ̀ kì í rí ohun tó ṣókùnkùn kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀; ìyẹn dà bí kó o rí ọmọ tó doríkodò kó o sì kọjá lọ.

Ó mú èyí tó burẹ́wà jù lọ, nítorí pé òun ló tóbi jù lórí tíréè. Ó rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ dúdú nínú abọ́ kan. Nígbà tó yá, awọ náà rọ̀, ó ń ṣí kúrò lára rẹ̀ bí èèpo àlùbọ́sà. Ó fi iyanrìn kíkúnná rà á, ó fi awọ bàtà àtijọ́ kan nù ún, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ parí rẹ̀, nítorí baba rẹ̀ máa ń sọ pé àtẹ́lẹwọ́ ló ń jẹ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ mọ olówó rẹ̀. Ìkarahun náà fẹ́lẹ́, ọmọ aráyé mìíràn ìbá ti fọ́ ọ. Ọwọ́ Jàbárù kò fọ́ ọ. Ó funfun, ó dán, ó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú níbi ètè. Yàkúbù yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Yauwa! Èyí tó ọba fi sọ́rùn." Jàbárù tẹ́ aṣọ funfun sáàárín tábìlì, ó gbé e sí i.

Ọ̀gá láti òkè kò wá. Títí di òní, kò tíì dé.

Dókítà ló dé. Jàbárù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ gbẹ̀bùn. Dókítà gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó rí ohun funfun lórí aṣọ, ó sún mọ́ ọn.

"Bàbá Sàídátù," ó ní, "awọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti bó o kúrò, Dókítà! Ẹ wò ó bó ṣe ń dán!"

Dókítà fa àga, ó jókòó. Kò pariwo. Ó mú ìkarahun náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó gbé e padà. Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ní ní Èkó, òun ti rí i dájú pé kò sí ẹni tó tíì júwe irú ìgbín yìí rí. Ó ní àwọn ìbátan rẹ̀ wà, ìkarahun wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra pátápátá. Irun wẹ́wẹ́ tó tò sórí awọ rẹ̀ ló yà á sọ́tọ̀, òun nìkan sì ni ẹ̀rí pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni. Láìsí awọ, kò sí ẹ̀rí. Gbogbo ọdún tí òun ti fi ń wá a, òfo ni.

Láníyì tó ń kọjá lọ ti gbọ́ díẹ̀, ló bá wọlé.

"Kí ni mo gbọ́ yìí? Wọ́n ba ẹrù gọ́mẹ́ńtì jẹ́? Ta ló ṣe é? Kó lọ máa retí kúẹ́rì ẹ̀, kó sì máa palẹ̀ mọ́!"

Jàbárù ti fẹ́ dá a lóhùn. Dókítà ṣáájú rẹ̀.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ kó mọ́, Ọ̀gbẹ́ni Láníyì. Wọ́n fọ̀ ọ́, ó sì mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kọ kúẹ́rì, orúkọ mi ni kí ẹ kọ sí i."

Láníyì wo obìnrin náà, ó wo Jàbárù, ó bá tirẹ̀ lọ. Jàbárù bojú wolẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ìgbà èwe rẹ̀ ló ti rí i tí wọ́n ń da ẹjọ́ ọ̀gá lé ọmọọṣẹ́ lórí. Kò rí i rí kí ọ̀gá gbé ẹjọ́ ọmọọṣẹ́ rù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò lè jẹun. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún Àlímátù láìfi ọ̀kan pamọ́. Àlímátù gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì bi í ní ìbéèrè kan tí aya ilé mìíràn kò ní bi ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Sàídátù, ṣé ẹ ti dá èérún rẹ̀ padà fún un?"

Nílé wọn ní Ìlọrin, bí ènìyàn bá gbé òkúta wá kí o bá òun lọ̀ ọ́, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ nìkan lo máa dá padà. Èérún rẹ̀ àti ẹrẹ̀ inú omi ìlọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wàá gbé síwájú ẹni náà, kó má baà rò pé o gé díẹ̀ pamọ́. A kì í da omi ìlọ̀ nù títí ẹni tó ni òkúta yóò fi fojú rí i. Jàbárù kò tilẹ̀ ronú kó tó fi omi tó fi fọ ìgbín náà sílẹ̀ láìdà á nù. Abọ́ náà ṣì wà lábẹ́ tábìlì níbi iṣẹ́, ó fi àwo dé e.

"Àlímátù, ẹni tí mo bà nínú jẹ́, ṣé omi ìdọ̀tí ni n óò tún gbé lọ bá a?"

"Ẹrù rẹ̀ ni. Ẹ gbé ẹrù rẹ̀ fún un, kó fọwọ́ ara rẹ̀ dà á nù."

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, Jàbárù gbé abọ́ náà síwájú Dókítà, ó sì kúnlẹ̀ tì í. Ó ní, "Èérún yín rèé, Dókítà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí èyí tó kù lọ́wọ́ mi." Dókítà kọ́kọ́ wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Nígbà tó ṣí àwo kúrò, ó rí ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó léfòó sínú omi. Ó fi ẹ̀mú kékeré gbé ọ̀kan sórí gíláàsì, ó tì í sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

Igbe tí Dókítà ké lọ́jọ́ náà, Yàkúbù gbé igi sáré wọlé, ó rò pé ejò ni.

"Irun náà rèé! Wọ́n ṣì tò síbẹ̀! Bàbá Sàídátù, ẹ wá wò ó!"

Jàbárù fojú sí awò. Ó rí irun wẹ́wẹ́ tó tò ní ìlà ìlà, bí ẹ̀bù iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Kò mọ ìgbà tó sọ pé, "Alihamudulilai."

Iṣẹ́ kò tán síbẹ̀. Awọ náà ti fà ya, apá kan sì ti kúnná mọ́ iyanrìn. Oṣù lórí oṣù ni àwọn méjèèjì fi jókòó ti abọ́ yẹn, tí Jàbárù ń fi abẹ́rẹ́ yọ awọ kúrò nínú ẹrẹ̀, tí Dókítà ń tò ó pọ̀. Nígbà tó wá ń júwe ìgbín náà, Dókítà kò fi ohunkóhun pamọ́: ó kọ ọ́ pé wọ́n ti bó awọ kúrò lára ìkarahun nígbà tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, àti pé awọ náà rèé nínú ìgò sípíríìtì. Ó kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ẹ̀kọ́ ìgbín lókè òkun. Bí wọ́n bá ní awọ tí a ti bó kúrò kò lè jẹ́rìí fún ìkarahun, ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn.

Wọ́n ń retí. Dókítà rù. Jàbárù kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ bó bá kírun àsùbáà tán, tó ti tọrọ àlàáfíà fún ìyá rẹ̀, fún Àlímátù àti Sàídátù, yóò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì fi ìgbín kan kún un. Ó ń bẹ̀rù pé bí àfáà Kárù bá gbọ́, yóò ní kó wá túúbá.

Òjò ọdún 1987 ti wọ̀ dáadáa kí èsì tó dé. Dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀wù rẹ̀ tutù rinrin, ó ní, "Wọ́n gbà á. Ó dá dúró. Ẹ̀yà tirẹ̀ ni." Bí ẹ bá ń retí pé orúkọ Jàbárù ni wọ́n sọ ìgbín náà, ẹ má retí mọ́. Orúkọ gígùn kan ni wọ́n fún un tí Jàbárù kò lè pè títí wọ ọdún 1990 tó ṣì wà nídìí tíréè, kò sì dùn ún. Ohun tó ń dùn ún ni pé òun kò tíì dúpẹ́.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé èsì náà, òun àti Àlímátù jí lọ sílé Dókítà ní Wuse, kó tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àlímátù gbé àkùkọ kan lọ́wọ́, ó ru igbá wàrà lórí. Bí Dókítà ṣe ṣílẹ̀kùn ni Jàbárù, àgbàlagbà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́ta ọdún, dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Hàà! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ̀gbọ́n mi ni yín!" Dókítà sáré kúnlẹ̀, ó ń fà á lápá.

"N ò ní dìde tí n ò bá tíì sọ ọ́. Dókítà, gbogbo ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, ẹrù wọn ni wọ́n ń gbé rù mí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gba ẹrù kúrò lórí mi. Ọlọ́run á gba tiyín."

Dókítà kò fà á mọ́. Ó jókòó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún.

"Bàbá Sàídátù, èmi ló yẹ kí n dúpẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ni gbogbo ayé ti ń bi mí pé kí ni àwọn ìgbín mi wúlò fún. Ìyá tó bí mi gan-an bi mí. Ẹ̀yin nìkan lẹ wò wọ́n tí ẹ rí i pé ó yẹ kí wọ́n dán."

Ni òun náà bá tẹrí ba síwájú Jàbárù. Àlímátù dúró lé àwọn méjèèjì lórí, pẹ̀lú àkùkọ lọ́wọ́, kò mọ ẹni tí òun yóò kọ́kọ́ fà dìde.